Ẹ Wọn Kẹ̀kẹ́ Yín Mọ́ra Kí Ẹ Tó Máa Gùn Ún Lọ Síbi Iṣẹ́

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́ ni orúnkún ọ̀tún mi fẹ́ dá mi dúró. Láti ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn sí Dùgbẹ̀ tí ọ́fíìsì mi wà, bíi kìlómítà 8 ni, ṣùgbọ́n kí n tó dé Mọ́kọ́lá, iwájú orúnkún náà á ti máa gún mi bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ṣá a. Mo fi róòbù ra á, mo fi báńdéèjì dì í, kò gbọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ orí ni, pé ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kò yẹ kó tún máa bá kẹ̀kẹ́ fà á. Ó kù díẹ̀ kí n gbà wọ́n gbọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ọjà Bódìjà ló yọ mí. Mo sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí. Kò tilẹ̀ wo orúnkún náà. Ó ní, "Gùn ún lọ sọ́hùn-ún, kí o gùn ún padà, kí n wò ọ́." Nígbà tí mo padà dé, ó mi orí. "Ọmọ mi, bí ẹni jókòó sórí àpótí ìdáná lo ṣe jókòó yìí. Orúnkún rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Báwo ni kò ṣe ní dùn ọ́?" Mo ní, "Bàbá, bí mo ṣe bá ìjókòó náà nígbà tí mo rà á nìyẹn, sà." Ó ní ẹni tó gùn ún kẹ́yìn ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún, kì í ṣe èmi. Ó tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó, ó gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó dè é padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, orúnkún mi ti gbàgbé pé òun dùn rí.

Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Láti òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan sì gbéra láti nǹkan bíi ₦200 títí ó fi kọjá ₦1,000, mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì pa á tì sí ẹ̀yìnkùlé láàárín oṣù kan. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ó ń dun àwọn nídìí, ó ń dun àwọn lẹ́yìn. Wọ́n rò pé bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀. Àwọn wolé-wolé àti tíṣà ayé ìjọ́un gun Raleigh láti abúlé dé abúlé, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà di ẹrù aṣọ sẹ́yìn tiwọn kiri ìlú. Ẹran ara bíi tiwa ni tiwọn náà.

Kí ẹ tó sanwó

Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́jà wa, tòkunbọ̀ ni. Kò burú, àwọn kan lára wọn lágbára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹ la ẹsẹ̀ méjèèjì sórí rẹ̀, kí ẹ dúró ṣánṣán pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa ń wọ̀. Àlàfo tó wà láàárín abẹ́ yín àti ọ̀pá òkè kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní ìka méjì sí mẹ́ta. Bí ọ̀pá bá kàn yín, kẹ̀kẹ́ náà tóbi jù fún yín, kò sì sí ohun tí oníkẹ̀kẹ́ kankan lè ṣe sí i. Èyí tó kéré díẹ̀ sàn, torí a lè gbé ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọ̀pá òkè rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ má baà máa gbé ẹsẹ̀ gba òkè kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin, pàápàá lọ́rùn kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀dà bá ti là níbẹ̀ bí irun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Irin tó ti sán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, bó ti wù kí wẹ́dà sọ pé òun lè jó o tó. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí rímù bá ń jó sọ́tùn-ún sósì, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san.

Ẹ ka nọ́ḿbà tó wà lára táyà, irú bíi 26 × 1.95, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ bóyá ó ní táyà àti túùbù nọ́ḿbà yẹn. Táyà 26 kò ṣòro rí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ra kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń sáré ìje, táyà 700C. Ọjọ́ tí ti ẹ̀yìn bẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá òmíràn kiri.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: álẹ́ǹkì (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú bóòtù) mìlímítà 4, 5 àti 6, sípánà 13 fún nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó, sípánà 15 fún pẹ́dà, téèpù àwọn aránṣọ, gíríìsì díẹ̀, àti àkísà.

Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn kí ìjókòó tó dára, torí òun ni gbogbo ìyókù ń tẹ̀lé.

Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri, tàbí kí ẹnì kan bá yín di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú. Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ gòkè, kí ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa jókòó lójú ọ̀nà. Ẹ wá fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà, kí ẹ yí i títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yín fì sí apá ibẹ̀. Bí orúnkún bá ṣì ká, ẹ gbé ìjókòó sókè. Bí gìgísẹ̀ kò bá dé pẹ́dà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sí bó ṣe yẹ, tí ibi tó fẹ̀ jù lọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ bọ́ sórí pẹ́dà, orúnkún á ká díẹ̀, bíi dígírì 25 sí 35. Ìká díẹ̀ yẹn là ń wá.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò lè ṣe é báyìí. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ìwé ẹlẹ́yìn líle kan sáàárín itan, kí ẹ gbé e sókè títí yóò fi kan egungun abẹ́ dáadáa, bí ìjókòó ṣe máa kàn án. Ẹ wọ̀n láti etí òkè ìwé náà dé ilẹ̀. Ẹ fi 0.883 sọ iye tí ẹ bá rí di púpọ̀. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 82. 82 lọ́nà 0.883 jẹ́ 72.4. Iye yẹn ló yẹ kó wà láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí títí dé orí ìjókòó, bí ẹ bá na téèpù tẹ̀lé ọ̀pá ìjókòó. Mo wọn ibi tí Bàbá gbé tèmi sí: 72 géérégé. Ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n.

Lára ọ̀pá ìjókòó, ẹ ó rí ìlà kan tàbí ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sí i. Ìlà yẹn kò gbọdọ̀ yọ síta láé. Bó bá yọ, èyí tó kù nínú kò tó láti gbé yín ró. Ọ̀pá lè ṣẹ́ lábẹ́ yín lójú eré, ó sì lè fa egungun kẹ̀kẹ́ ya. Bí gíga tí ẹ fẹ́ bá kọjá ibẹ̀, ẹ ra ọ̀pá tó gùn jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ìnípọn wọn yàtọ̀ síra, ọ̀pá mìlímítà 25.4 kò lè bá ihò 27.2 mu, ojú kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó ti ọ̀pá onírin sínú, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Ẹni tí kò bá fi pa á, ìpẹtà á so ó mọ́ inú, ọjọ́ tó bá fẹ́ tú u ló máa mọ̀.

Ohun tó ń ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́rù ni pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ ilẹ̀ bí wọ́n bá jókòó. Kò yẹ kó tẹ ilẹ̀ tán. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ sọ̀ kúrò lórí ìjókòó síwájú, kí ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, kí èkejì wà lórí pẹ́dà. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ má gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà lónìí, òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Gíga ti parí. Ó wá ku bí ìjókòó ṣe tẹ́jú sí. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ lé e láti imú dé ẹ̀yìn, kí ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà sórí pákó. Kó tẹ́ ni ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀. Bí imú rẹ̀ bá gbé sókè, yóò máa tẹ ojú abẹ́ yín títí ibẹ̀ á fi kú. Bó bá dorí kodò, ẹ ó máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ yín á sì máa ru ẹrù tó yẹ kí ìdí rù.

Fún ìwájú sẹ́yìn, ẹ so nọ́ọ̀tì kan mọ́ okùn. Ẹ jókòó, kí ẹ yí pẹ́dà títí apá méjèèjì yóò fi wà ní ìbú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kí ẹnì kan di okùn náà mọ́ abẹ́ orúnkún yín tó wà níwájú, kó jẹ́ kí nọ́ọ̀tì rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kó bọ́ sí àárín pẹ́dà gan-an. Bó bá bọ́ síwájú pẹ́dà, ẹ ti ìjókòó sẹ́yìn. Bó bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fà á síwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fa ìjókòó síwájú nítorí pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jìnnà sí wọn. Ẹ má ṣe é. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Bí wọ́n bá fa ìjókòó, orúnkún ló máa jìyà rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó oní-fóòmù nínípọn tí gbogbo èèyàn ń sá lọ rà. Ó dùn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, egungun ìdí á rì wọ inú fóòmù, fóòmù á sì wú sókè láàárín, níbi tó rọ̀ jù lọ lára èèyàn. Fífẹ̀ ìjókòó ló ṣe pàtàkì ju rírọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ gbé páálí sórí àga líle, kí ẹ jókòó lé e, kí ẹ gbé orúnkún sókè díẹ̀, kí ẹ fì síwájú. Bí ẹ bá dìde, ẹ ó rí ojú ibi méjì tó tẹ̀ wọlé. Ẹ wọn àárín ọ̀kan sí àárín èkejì, kí ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un. Ìjókòó tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni tiyín. Èyí kò ní kí ìdí má dùn yín rárá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa dùn díẹ̀, á sì lọ. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìjókòó ló ní ẹ̀bi.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́

Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè rí ọ̀nà, kó lè bojú wẹ̀yìn, kó má sì tẹ̀ kọdọrọ. Nítorí náà, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ìjókòó dọ́gba, tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú, kí ìgúnpá yín ká díẹ̀, kí èjìká má fà sókè lọ bá etí.

Lára àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, bóòtù kan ṣoṣo ló wà lórí ọrùn. Ẹ tú u ní ìyípo méjì sí mẹ́ta, ẹ má yọ ọ́. Ẹ fi pákó kékeré lé orí bóòtù náà, kí ẹ fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nínú. Ẹ wá gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè bí ẹ ṣe fẹ́. Ìlà wà lára eléyìí náà, òfin kan náà ló ń tẹ̀lé. Lára àwọn tuntun, òrùka òrùka ló wà lábẹ́ ọrùn, ẹ kò sì lè gbé e kọjá iye òrùka tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ bá yín paarọ̀ ọrùn rẹ̀ sí èyí tó gbójú sókè.

Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi itan há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ iwájú, kí ẹ fi agbára yí ọwọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ má gùn ún jáde láìṣe èyí.

Ọwọ́ bíréèkì náà ní bó ṣe yẹ kó rí. Kó gbójú sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí apá yín, ọrùn ọwọ́ yín àti ìka yín fi máa wà lójú ìlà kan bí ẹ bá na ìka lé e. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ló máa ń nà án jáde síwájú tààrà, ọrùn ọwọ́ á máa ṣẹ́ po sẹ́yìn láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀.

Ohun tí ìrora ń sọ

Ìrora ní èdè tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iwájú orúnkún, ìjókòó ti kéré jù tàbí ó ti sún síwájú jù, tàbí gíà tí ẹ ń lò ti le jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ga jù. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá sọ pé ìdí yín ń fì sọ́tùn-ún sósì, ó ga jù náà nìyẹn. Bí ìka ọwọ́ bá ń kú, pàápàá ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, tó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn, ẹrù ọwọ́ ti pọ̀ jù: ẹ wò ó bóyá imú ìjókòó dorí kodò, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè tàbí kí ẹ mú un súnmọ́ yín. Ọrùn àti èjìká, ọ̀nà ọwọ́ ti jìn jù.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, ní bíi mìlímítà 5, kí ẹ sì gùn ún fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó tún fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́ta padà lálẹ́ ọjọ́ kan kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Ìrora tí kò bá dáhùn sí gbogbo èyí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí orúnkún tó bá wú, ọ̀rọ̀ dókítà ti wọ̀ ọ́.

Pẹ́dà àti gíà

Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó wà lórí pẹ́dà, kì í ṣe àárín rẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀ dára ju sílípáàsì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ paarọ̀ pẹ́dà, ẹ rántí pé ti òsì ń tú sí ọwọ́ ọ̀tún, bí ìgbà tí èèyàn ń de nọ́ọ̀tì. Mo ti rí ẹni tó fi agbára ba ojú irin jẹ́ níbẹ̀.

Ìbàdàn kò tẹ́jú, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè ni kí ẹ ti yí gíà sí èyí tó fúyẹ́, torí bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti wúwo, ṣéènì á máa ké, ó sì lè já. Ẹsẹ̀ kan yẹ kó yí ní bíi ìgbà 60 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kà á wò. Bí kò bá tó 50, gíà ti le jù, orúnkún ló ń san owó rẹ̀. Bí òkè bá le ju gíà lọ, ẹ sọ̀, kí ẹ tì í. Kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Táyà, bíréèkì, ṣéènì

Lẹ́yìn ìjókòó, táyà ló ń pinnu bóyá ara máa tù yín. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó gbà wà lára rẹ̀, irú bíi PSI 40–65. Ẹ má kọjá ìyẹn sókè tàbí sílẹ̀. Ẹni tí kò wúwo púpọ̀ lè dúró nítòsí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí táyà lè máa gba kòtò mọ́ra. Ẹni tó ń ru ẹrù, kó fi kún ti ẹ̀yìn. Èyí tó rọ̀ jù, bó bá ti bọ́ sí kòtò, rímù á há túùbù mọ́lẹ̀, á sì lu ihò méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ṣọ́ra ní ṣọ́ọ̀bù fọganáísà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà ọkọ̀ lágbára jù fún túùbù kékeré. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti bẹ́. Ẹ sọ fún un pé kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa fi géèjì wò ó. Èyí tó dára jù ni kí ẹ ní pọ́ǹpù ọwọ́ tiyín, kí ẹ máa fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí túùbù kẹ̀kẹ́ máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí kò tilẹ̀ lu.

Fún bíréèkì, ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ tagbáratagbára. Kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbá rímù, kì í ṣe táyà. Ẹ mọ èyí tó ń di iwájú mú kí ẹ tó jáde: kẹ̀kẹ́ tó wá láti Ìlú Ọba, ọwọ́ ọ̀tún sábà máa ń jẹ́ ti iwájú, èyí tó wá láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ni. Àwọn kan wà tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dà sẹ́yìn kó tó dúró. Ti iwájú ló lágbára jù, ṣùgbọ́n ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fa ìdí sẹ́yìn. Bí òjò bá ń rọ̀, rímù á ti tutù, títẹ̀ àkọ́kọ́ á kàn nu omi kúrò ni. Nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ fẹ́ dúró.

Ṣéènì kò nílò gíríìsì. Gíríìsì á kó erùpẹ̀ jọ, pàápàá nígbà ọyẹ́, erùpẹ̀ náà á sì máa jẹ irin bíi yanrìn. Ẹ fi àkísà nù ún mọ́, ẹ kán ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ ń yí pẹ́dà sẹ́yìn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún fi àkísà gbígbẹ nù ún títí ara rẹ̀ kò fi ní máa yọ̀ mọ́. Inú ló nílò ọ́ìlì. Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, gbogbo ìgbà tí òjò bá ti pa á.

Ojú ọ̀nà

Ẹ lọ wo ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan tí ọkọ̀ kò pọ̀, kí ẹ gùn ún láti ilé dé ibi iṣẹ́, kí ẹ ka ìṣẹ́jú, kí ẹ mọ ibi tí kòtò wà. Ọ̀nà tó yá jù fún mọ́tò lè má jẹ́ èyí tó dára fún kẹ̀kẹ́. Ṣàngó ni tààrà fún mi, ṣùgbọ́n inú Bódìjà Àtijọ́ ni mo ń gbà bọ́ sí Sẹkitéríàtì kí n tó kọrí sí Mọ́kọ́lá. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kún ìrìn mi. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tí ọkàn mi fi balẹ̀ ni.

Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa tọ̀, ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ń kọrí sí. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń kọjú sí ọkọ̀. Ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń yọ láti àdúgbò kò ní wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ má sì lẹ̀ mọ́ etí gọ́tà. Ẹ fi bíi mítà kan sílẹ̀, kí ẹ lè rí àyè yà fún kòtò láì bọ́ síwájú ọkọ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn sì rí yín.

Máíkírà, takisí kékeré yẹn, ni kí ẹ fojú sí jù ní Ìbàdàn. Ó lè dúró lójijì fún èrò, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì lè ṣí lójú yín. Bó bá ti ń rọra lọ sí etí títì, ẹ má gba àárín òun àti gọ́tà kọjá. Ẹ gba òsì rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ trélà tó fẹ́ yà ńkọ́? Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi yà tán, torí awakọ̀ kò lè rí yín níbẹ̀.

Akoto, agogo, iná pupa lẹ́yìn, iná funfun níwájú. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kí ẹ tó rà á. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó ń tàn, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń wọ̀, kò wọ́n, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ọlọ́kadà lálẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Òógùn, aṣọ, ẹrù

Ẹ gbéra ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, ẹ má sáré. Sínglẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀wù tó fẹ́lẹ́ ni mo ń wọ̀ gùn ún. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ti lọ̀ á wà ní kíká yípo nínú báàgì kó má baà rún, bàtà ọ́fíìsì kì í kúrò lábẹ́ tábìlì mi. Bí mo bá dé, mo jókòó sábẹ́ fáànù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó fi táwẹ́ẹ̀lì tútù nura. Ẹni tó kánjú wẹ̀ tún máa làágùn lẹ́yìn ìwẹ̀ ni.

Ẹrù, orí káríà ni kó wà. Báàgì ẹ̀yìn á fi ìwọ̀n rẹ̀ kún èyí tí ìdí àti ọwọ́ ń gbé, á sì pa ẹ̀yìn yín rin ṣìnkìn. Ẹ fi rọ́bà dì í, kí ẹ sì rí i pé ẹnu rọ́bà náà kò rọ̀ sílẹ̀ sínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún sókè tàbí kí ẹ fi okùn dì í, apá ibẹ̀ ni ṣéènì wà. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo de egungun kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí kò ṣe é fà tu. Ẹsẹ̀ nìkan kò tó, wọ́n á tú u, wọ́n á gbé ìyókù lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ méjì péré ni kí ẹ gùn ún. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta. Ara nílò ọjọ́ ìsinmi láàárín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè rò pé agbára ṣì wà.

Nǹkan kan ṣì kù. Nígbà tí gbogbo ìwọ̀n yín bá ti pé, ẹ fi ọ̀dà èékánná fa ìlà sára ọ̀pá ìjókòó, níbi tó ti wọ inú egungun kẹ̀kẹ́ gan-an, kí ẹ fa òmíràn sára ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Pupa ni tèmi. Àbúrò mi yá kẹ̀kẹ́ náà ní Sátidé tó kọjá, ó sì sọ ìjókòó kalẹ̀ torí pé kò ga tó mi. Àárọ̀ ọjọ́ Monday, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, mo fi iná fóònù wá ìlà náà, mo gbé e sókè títí ó fi yọ, mo de nọ́ọ̀tì, mo sì kọrí sí Dùgbẹ̀.